Bí Mo Ṣe Yan Síídì Méjìlá ní Ọ̀tà

Tí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn ìdálẹ̀, òkun ni wọ́n máa ń sọ, òtútù ni wọ́n máa ń sọ, àti àwọn òyìnbó tí kì í kíni. Tèmi kò ní òkun nínú. Ìkirun ni mo ti kúrò, Ọ̀tà ni mo dé, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ ní ìlú méjèèjì. Síbẹ̀, ẹ bá mi jókòó kí n sọ ọ́ fún yín. Ìdálẹ̀ ni. Mo ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé n kò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin mi, Sàídátù, nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi kò bímọ, ilé rẹ̀ gba ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ lára ọmọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún kan péré ni. Tí mo bá ti rí ibi tó dáa gbé, màá wá mú un."

Ó ní, "Máa lọ jàre. Ta ló ń lé ọ?"

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni pé mo kí ènìyàn, wọn ò dáhùn. Ní Ìkirun, tí o bá kọjá lára ẹnìkan láàárọ̀ tí o ò kí i, kó tó di ọ̀sán yóò ti wá sílé yín wá béèrè ohun tó ṣe fún ọ. Ní òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Toll Gate, àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́ kọjá bí omi, èmi náà ń kí wọn: "Ẹ kú òwúrọ̀ o. Ẹ kú òwúrọ̀ o." Obìnrin kan tó ru búrẹ́dì dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìyá, ta lẹ ń wá?"

"Mi ò wá ẹnikẹ́ni."

"Ẹ jẹ́ ká kọjá nígbà náà."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kí ènìyàn nínú ara mi. Mo gba yàrá kan nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, níbi tí àwọn ilẹ̀kùn ti kọjú síra wọn. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin ló kún ibẹ̀, àwọn kan ń jáde bí àwọn kan ṣe ń wọlé, kò sí ẹni tó mọ orúkọ ẹnìkejì. Afẹ́fẹ́ àdúgbò náà ní òórùn mẹ́ta: ti ọṣẹ, ti irin yíyọ́, ti bísíkíìtì. Onílé wa, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀tà, nìkan ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀, yẹ̀yẹ́ ni yóò sì fi mí ṣe. "Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun, ẹ ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa okùn. Ẹ tètè máa sọ ọ́ kó parí!" Tí mo bá sì lọ sí Ìkirun lọ́dún Iléyá, wọ́n á ní, "Ará Ọ̀tà dé! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kán ọ̀rọ̀ mọ́nú." Ìgbà tó yá, n kò mọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì.

Iléeṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ni mo ti ríṣẹ́, iṣẹ́ etí ni wọ́n sì fún mi. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ bá ṣe lójúmọ́, wọ́n á ṣà lára rẹ̀ wá fún mi nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀. Èmi yóò fi ẹ̀rọ bo etí, n óò gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fújì ni o, àpàlà ni o, wákà, jùjú, orin ìjọ, wáàsí àwọn aáfà, ìwàásù àwọn pásítọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń gba etí mi kọjá. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá ń fa ohùn, n óò yọ ọ́. Tí ẹnìkan bá húkọ́ níbi tí wọ́n ti ká orin náà, tí àga dún, tí olórin mí kanlẹ̀, n óò yọ ọ́. Ọ̀gá wa ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìyá Sàídátù, orin la ń tà. A kì í ta ariwo ènìyàn." Mo di ògbóǹtarìgì nínú kí a máa yọ ariwo ènìyàn.

Ẹ wò ó, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ènìyàn ń kọrin sí mi létí, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi, wọ́n ń pè mí ní olólùfẹ́. Tí mo bá ṣí ẹ̀rọ náà kúrò létí, kò sí ẹni tó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Lábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta ìpè ní etí títì ni mo ti ń pè, fóònù ọkùnrin tó ń ta òògùn lójúde ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń dún. Yóò ní kí wọ́n lọ pe ọmọ náà wá. Ní ọdún kìn-ín-ní, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á ní, "Màámi, ṣé ẹ ti ń bọ̀?" Ní ọdún kẹta, kò sáré mọ́. Ní ọdún karùn-ún, mo gbọ́ tó ké sẹ́yìn kó tó dá mi lóhùn: "Màámi! Màmá Ọ̀tà ló wà lórí fóònù o!"

Ẹ̀gbọ́n mi ti di Màámi. Èmi ti di Màmá Ọ̀tà, bí ọmọdé ṣe ń sọ Bàbá Ìbàdàn tàbí Àǹtí Kánò, àwọn ìbátan tó ń mú búrẹ́dì bọ̀ nígbà ọdún.

"Sàídátù, kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì, mà."

"Ilé ìwé ńkọ́?"

"Dáadáa ni, mà."

Bí ọmọ ṣe ń dá tíṣà lóhùn ló ṣe ń dá mi lóhùn. Mo dúró lábẹ́ agboòrùn yẹn, mo mọ̀ pé bí n kò bá tètè rí ilé tó ṣeé mú ọmọbìnrin wá sí, ọmọ náà yóò bọ́ lọ́wọ́ mi. Inú yàrá kan láàárín àwọn ọkùnrin onírin kọ́ ni mo fẹ́ tì í mọ́ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Láàárín ìgbà náà ni Ọ̀tà ń yí padà lójú wa. Ibi tí ó jẹ́ igbó lánàá, wọ́n ti fi ọgbà yí i ká lónìí. Ìjọ ń ra ilẹ̀, ìjọ ń kọ́lé, yunifásítì ń yọ jáde lórí ilẹ̀ tí a ti ń ká ẹ̀fọ́. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, bọ́ọ̀sì tó ń kó ènìyàn lọ sí ìsìn á tò láti Ṣàngó títí kọjá Toll Gate. Àwọn ọmọ iléèwé gíga wọ tai nínú oòrùn, wọ́n ń wọ́ àpótí. Gbogbo ayé ń kó wá sí Ọ̀tà, ìyẹn sì jẹ́ kó yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ tún lè dá wà tó bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo.

Síídì ló pa kásẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún keje tí mo dé, iléeṣẹ́ wa kógbá sílé. Mo ti ń di ẹrù mi, mo ti ń ro ohun tí n óò sọ ní Ìkirun, nígbà tí ọkùnrin kan wá kan ilẹ̀kùn mi. Ẹ̀ńjíníà Olúmídé ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń bójú tó ohùn fún ọ̀kan nínú àwọn ìjọ ńláńlá tó ń kọ́ yunifásítì, òun ló sì máa ń gbé ìwàásù wọn wá sí iléeṣẹ́ wa kí a bá wọn ṣe é sí kásẹ́ẹ̀tì.

"Ìyá Sàídátù, ẹ̀yin ni mò ń wá káàkiri. Ẹ rántí ìwàásù wa tí ẹ dá dúró?"

"Èyí tó ń fà?"

"Èyí tó ń fà. Gbogbo wa gbọ́ ọ, a ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní pásítọ̀ wa kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò mọ pásítọ̀ yín o. Ohùn rẹ̀ ni mo mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí ẹrù tí mo dì. Ó ní wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan, tí ìjọ àti yunifásítì yóò jọ máa lò. Àwọn tó wá to sípíkà sínú rẹ̀ láti òkè òkun ní kí wọ́n yan síídì méjìlá, oríṣiríṣi orin, tí wọn yóò fi dán ohùn gbọ̀ngàn náà wò. Síídì wọ̀nyẹn ni wọn yóò sì fi ṣí yàrá ìgbọ́rin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú yàrá náà," ló wí. "Mo ti dárúkọ yín fún ìgbìmọ̀. Tí àwọn síídì tí ẹ bá yàn bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹ̀yin ni. Ilé oníyàrá méjì wà fún ẹni náà nínú ọgbà."

"Yàrá méjì?"

"Yàrá méjì, pẹ̀lú ilé ìdáná."

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, n kò gbọ́ ọ mọ́. Mo ti to ibùsùn Sàídátù sínú yàrá kejì, mo ti fi kọ́tìnnì sójú fèrèsé.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún síídì ló wà nínú páálí tí wọ́n kó fún mi. Lójú, síídì lásán ni. Ẹ̀ńjíníà ní rárá, ó ní àwọn wọ̀nyí, wọ́n ká ohùn sínú wọn jinlẹ̀jinlẹ̀ ju ti síídì ọjà lọ, ẹ̀rọ tiwọn sì yàtọ̀. "Ẹ rò ó bíi fọ́tò," ló wí. "Ti tẹ́lẹ̀, wọ́n dúró lókèèrè yà á. Eléyìí, ẹ lè ka irun ìpéǹpéjú ẹni tó ń kọrin." Ó fi mí sílẹ̀ nínú yàrá kan tó tutù, èmi, ẹ̀rọ náà, àti páálí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbọ́ wọn. Orin àwọn onígòjé òyìnbó tó tó ogójì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Orin fèrè àti dùùrù àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà wà níbẹ̀. Orin ará Íńdíà, orin ìlù àwọn ará erékùṣù kan, orin kúáyà, hàíláìfù tí àwọn àgbà olórin wa kan tún kọ nílẹ̀ òkèèrè. N kò gbọ́ èdè púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi kò yí padà lójú mi: mo pín wọn sí méjì, mo kọ àlèébù síwèé lẹ̀ mọ́ èyí tó ní àlèébù, mo ṣa méjìlá tó mọ́ tónítóní fún Ẹ̀ńjíníà. Mo sì ṣàdúrà lé e lórí.

A gbé e lọ sí gbọ̀ngàn. Àga ṣì wà nínú ọ̀rá níbẹ̀, àwọn káfíńtà ṣì wà lórí àkàbà. Ó tẹ àkọ́kọ́, ó tẹ ìkejì, ó tẹ ìkẹta. Kò tújúká.

"Ó ń dún," ni mo wí.

"Ó ń dún, Ìyá. Jẹnẹrétọ̀ náà ń dún."

Ó lọ síbi páálí àwọn tí mo yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ wọn.

"'Ó ń mí.' Ta ló ń mí?"

"Bàbá onígìtá yẹn. Kó tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ óò gbọ́ ọ tó ń mí. Ó tún ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀."

"'Wọ́n ń ṣí ìwé.'"

"Àwọn onígòjé. Ìyẹn tilẹ̀ kéré. Ẹnìkan nínú wọn ní ọ̀fìnkìn."

"'Kò sí ohùn. Ó ti kú.'"

"Ìyẹn, mo tẹ̀ ẹ́, n kò gbọ́ nǹkan kan. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá dáa, ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ṣ-ṣ-ṣ díẹ̀, ẹ óò mọ̀ pé orin ń bọ̀. Ìyẹn dákẹ́ bíi sàréè. Mo yọ ọ́ kíá."

"Ẹ ò dúró kí orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀?"

"Ṣé ó bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ó fi ọwọ́ bojú. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rín ni, àfi ìgbà tó gbé ojú sókè. "Ìyá, àwọn tí ẹ yọ yìí gan-an la fẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe síídì yìí nìyẹn, kí ènìyàn lè gbọ́ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Àwọn méjìlá tí ẹ mú wá, wọ́n ti fọ̀ wọ́n títí ènìyàn ò fi kù nínú wọn." Ó mí kanlẹ̀. "Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ṣé kí n wá ẹlòmíràn?"

Mo ní, "Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta náà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òjò ti kún abẹ́ afárá Ṣàngó, mo dúró sínú omi tó dé kókósẹ̀, mo pe ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n pè wá sórí fóònù. "Sàídátù ń fọ aṣọ. Ṣé kí n pè é?"

"Ẹ fi í sílẹ̀."

"Kí ló ṣe ohùn ẹ?"

"Òjò ni."

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yàrá méjì fún un. Mo gbé e mì.

Ní ọjọ́ kejì, mo padà sínú yàrá tútù náà, mo mú èyí tí mo pè ní òkú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ká ọwọ́ mi jọ, mo dúró. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́. Nígbà tó ṣe, obìnrin kan la ẹnu. Mo gbọ́ ètè rẹ̀ tó ṣí kí ohùn tó jáde. Èdè rẹ̀ kò yé mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dúró díẹ̀ sí ọwọ́ òsì mi, mo mọ̀ pé ó ti dàgbà, mo mọ̀ pé ó gbé itọ́ mì kó tó kọ ẹsẹ kejì. Mo mú bàbá onígìtá tẹ̀ lé e. Ó mí, ó fẹsẹ̀ gbálẹ̀, ìka rẹ̀ ń họ lórí okùn. Ọdún méje ni mo ti wà ní Ọ̀tà. Kò sí ẹni tó tíì jókòó tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sunkún díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí mo nujú tán, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi síídì kọ̀ọ̀kan: níbo lẹ jókòó sí? Tí mo bá lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí onífèrè wà, tí mo lè sọ pé onílù wà lẹ́yìn rẹ̀, pé ẹni kẹta jìnnà sí ògiri, n óò gbé e sápá ọ̀tún. Láti inú oríṣi orin kọ̀ọ̀kan ni mo ti mú ọ̀kan. Nínú àwọn onígòjé, mo mú èyí tí ẹnìkan ti ní ọ̀fìnkìn.

Ibẹ̀ ni Sister Dúpẹ́ bá mi. Òun ni olórí àwọn akọrin ìjọ náà, obìnrin tó ga, tó máa ń rìn bíi pé wọ́n ti ń dúró dè é níbì kan. Ó ṣí síídì méjìlá mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mọ́mì, ẹ dákun, ṣé orin ilé ọtí lẹ fẹ́ fi ṣí ilé Ọlọ́run?"

"Sípíkà la fẹ́ fi dán wò, ọmọ mi."

"Sípíkà ilé Ọlọ́run! Orin ìyìn nìkan ló yẹ kí etí ìjọ kọ́kọ́ gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀sìn yín yàtọ̀ o, mi ò bá tiyín wí."

"Ẹ̀sìn mi ò ní kí n má gbọ́ àlàyé. Jókòó."

Ó wo aago. Ó jókòó. Mo fi síídì kúáyà kan sí i, àwọn tó ń fi ẹnu lásán kọrin láìsí ohun èlò kankan. Ó di ojú, ó ń mi orí bí ẹni tó ń ṣàánú mi. Láìpẹ́, ó la ojú.

"Ẹni yẹn pẹ́ wọlé!"

"Ta ni?"

"Ẹni kẹta láti ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún. Àwọn tó kù ti bẹ̀rẹ̀, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Jésù! Bí Sister Bísí wa nínú kúáyà ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lu itan. "Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ padà, ẹ jẹ́ kí n tún un gbọ́." A tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó dìde, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ fi márùn-ún ṣe orin ìyìn."

"Méjì."

"Mọ́mì! Mẹ́rin."

"Mẹ́ta, èyí tí Bísí wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan."

"Mẹ́ta," ló wí. "Ẹ má sọ fún Bísí o."

Ní Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ jókòó sí ìlà iwájú nínú gbọ̀ngàn òfìfo náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan tó ń kọ́ni lórin ló ṣe olórí wọn. Ẹ̀ńjíníà fi bàbá onígìtá bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn dákẹ́. Bàbá náà sì mí.

Káfíńtà kan tó wà lórí àkàbà yí orí padà, ó wo orí pèpéle, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ta ló wọlé?" ló ké.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì wọ̀ ọ́ padà títí orin náà fi tán. Wọ́n gbọ́ méjìlá pé. Nígbà tí a ṣe tán, ó béèrè ẹni tó yàn wọ́n, Ẹ̀ńjíníà fọwọ́ tọ́ka sí mi, àgbà ọkùnrin náà sì dìde, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún mi ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti kọ́kọ́rọ́ méjì.

Mo ra ibùsùn. Mo so kọ́tìnnì aláwọ̀ òféèfé. Mo rí ilé ìwé tó wà nítòsí, wọ́n ní kí n mú ọmọ náà wá. Mo wá pe Ìkirun, mo sọ ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Alhamdulilahi. Ọmọ ẹ ni. Yóò wá nígbà ìsinmi." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Obìnrin tó le ni.

Sàídátù dé, ó ti ga dé èjìká mi. Ní àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń fọ àwo láìjẹ́ pé mo ní kó fọ̀ ọ́, ó ń jẹ ohun tí mo bá sè. Mo mú un lọ sí yàrá ìgbọ́rin, mo ní kó mú èyí tó bá wù ú. Ó fi àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ yàn án, ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tó wà ní kíláàsì.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, mà."

"Ṣé kí n fi òmíràn sí i?"

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́, mà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá báyìí. N kò rí ohun tí mo lè bá a wí lé lórí, n kò sì rí ohun tí a lè jọ rẹ́rìn-ín sí. Mo rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé tuntun náà fún un. Ó wọ̀ ọ́, ó yí ara wò, ó dúpẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń kó aṣọ gbígbẹ bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá kejì. N kò mọ ẹ̀rín náà. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ní àlejò. Fóònù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló gbé, ó ń bá Ìkirun sọ̀rọ̀.

"Màámi, ṣé ewúrẹ́ yẹn ti bímọ? Méjì! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á kí n tó dé o, màá bá yín jà! Màámi, ẹ gbọ́, Màmá Ọ̀tà, tí wọ́n bá ń gbọ́ orin, wọ́n á di ojú báyìí, wọ́n á na ìka, á dà bí ẹni tó ń ka adìyẹ." Ó tún bú sẹ́rìn-ín. "Rárá o, wọ́n dáa. Wọ́n dáa gan-an, Màámi. Àárò yín ló ń sọ mí."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Kò sí "mà" kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò fi kó ẹrù mi tẹ̀ lé e padà. Ta ni n óò jẹ́ níbẹ̀? Ilé ìyá rẹ̀ ni n óò máa gbé, n óò máa jókòó sí kọ̀rọ̀, n óò máa wo àwọn méjèèjì tó ń rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì máa dín ẹ̀rín kù nítorí mi. Ní Ọ̀tà, ó kéré tán, mo mọ ibi tí àga mi wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó tì í lórí ibùsùn tuntun náà.

"Ṣé o fẹ́ padà?"

Ó ń fi ọwọ́ fa etí aṣọ rẹ̀. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Mo mọ̀ pé o ò sọ ọ́."

A jọ di ẹrù. Mo sin ín lọ sí Ṣàngó, mo wá àyè fún un lẹ́yìn dírẹ́bà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tí òun náà ń lọ sí Ìkirun. Ọkọ̀ ti kún. Sàídátù yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ ò bínú, mà?"

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí?" Mo tún gèlè mi ṣe, torí n kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. "Tí o bá délé, bá mi kí ìyá ẹ."

Ó wò mí.

"Wọ́n á gbọ́, mà," ló wí.